Òògùn Kan Náà, Ẹlírí Méjì: Bí Ìdágbé Ṣe Ń Yí Iṣẹ́ Òògùn Sẹrotóníìnì Padà

Ní ọdún 1946, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, M. R. A. Chance, tẹ ìròyìn ìwádìí kan jáde lórí ẹlírí, eku kékeré tí à ń bá nínú ilé. Ó fún wọn ní òògùn amphetamine, ó jẹ́ kí àwọn kan wà papọ̀, ó sì ya àwọn kan sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òògùn náà pa àwọn tó wà papọ̀ ju àwọn tó dá wà lọ. Kò sí ìyàtọ̀ nínú òògùn. Inú ọ̀rọ̀ ẹni tí eku ń bá gbé ni ìyàtọ̀ wà. Amphetamine kọ́ ni òògùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Chance gbé kalẹ̀ ṣì ń dúró de ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìròyìn nípa òògùn tuntun: ṣé òògùn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lára ẹran, àbí òògùn pẹ̀lú irú ìgbé ayé tí ẹran náà ń gbé? Ohun tí mo fẹ́ fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kí òògùn sẹrotóníìnì tó dé inú ọpọlọ ẹlírí, ìgbé ayé ti ṣiṣẹ́ lára ọpọlọ náà. Bóyá ẹran náà ní ẹnìkejì tàbí kò ní wà lára iṣẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òògùn báyìí ń ṣe báyìí fún ẹlírí, tí kò sọ bí àwọn ẹlírí náà ṣe ń gbé, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ohun tí sẹrotóníìnì jẹ́ gan-an

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé sẹrotóníìnì ni èròjà ayọ̀: bó bá pọ̀, inú ẹni a dùn, bó bá dín, ọkàn ẹni a rẹ̀wẹ̀sì. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe sẹrotóníìnì láti inú tryptophan, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò sí nínú ọpọlọ rárá. Ìfun ló wà, níbi tó ti ń ran ìfun lọ́wọ́ láti ti oúnjẹ síwájú. Inú ìfun náà ni Vittorio Erspamer, ará Ítálì, ti kọ́kọ́ bá a pàdé ní àwọn ọdún 1930. Ní 1948, Maurice Rapport, Arda Green àti Irvine Page yọ ọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, àwọn ló sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ọdún 1953 ni Betty Twarog àti Page tó fi hàn pé ó wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú.

Ewé àti egbò ilẹ̀ Yorùbá náà kan ìtàn yìí. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè, ní èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine nínú. Oníṣègùn ọpọlọ tó ń jẹ́ Raymond Prince kọ̀wé ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Nàìjíríà ṣe ń lo igi náà. Ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn oníwádìí tó ń bá Bernard Brodie ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti rí i pé reserpine máa ń tú sẹrotóníìnì dànù kúrò níbi tí ọpọlọ kó o pamọ́ sí. Ìwádìí yẹn wà lára ohun tó kọ́kọ́ mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé èròjà inú ìfun yìí ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwà àti ìṣesí.

Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe sẹrotóníìnì kò pọ̀. Àdúgbò kékeré kan ní ìdí ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní raphe, ni wọ́n kóra jọ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọn nà dé ibi gbogbo. Nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì raphe bá ránṣẹ́, á tú sẹrotóníìnì sí àlàfo tóóró tó wà láàárín òun àti sẹ́ẹ̀lì kejì. Lára sẹ́ẹ̀lì kejì yìí ni àwọn olùgbà wà, ìyẹn àwọn ojú ibi tí sẹrotóníìnì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ kí iṣẹ́ tó lè jẹ́. Oríṣi olùgbà wọ̀nyí tó mẹ́rìnlá, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba: òmíràn ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, òmíràn ń pa á lẹ́nu mọ́. Kódà àwọn kan wà lára sẹ́ẹ̀lì raphe fúnra wọn, tí wọ́n ń sọ fún un pé ohun tó tú jáde ti tó. Nítorí èyí, kò tó láti sọ pé sẹrotóníìnì pọ̀ tàbí pé ó kéré. Ó yẹ ká mọ ibi tó wà àti olùgbà tó gbà á. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, agbápadà, èròjà kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, á kó èyí tó ṣẹ́ kù padà sílé.

Agbápadà yìí ni fluoxetine ń dí lọ́wọ́. Òun ni òògùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Prozac, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí ọdún 1987, tí àwọn dókítà sì ń kọ fún àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹ wo básíà tó ní ihò nídìí, tí omi ẹ̀rọ ń dà sínú rẹ̀. Bí a bá dí ihò náà, omi á kún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá ń kán tó-tó-tó, a lè dí ihò dáadáa kí básíà má sì kún bọ̀rọ̀. Ihò ni fluoxetine ń dí. Kì í ṣí ẹ̀rọ. Bí omi yóò ṣe pọ̀ tó lẹ́yìn tí a bá dí ihò wà lọ́wọ́ bí àwọn sẹ́ẹ̀lì raphe ṣe ń ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìdágbé ti ń wọ inú ọ̀rọ̀. Àwọn òògùn mìíràn wà tí kì í dúró de ẹ̀rọ. Èyí tó ń jẹ́ 8-OH-DPAT ń lọ tààrà bá olùgbà kan tí wọ́n ń pè ní 1A, ìgbóná ara ẹlírí a sì wálẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ DOI ń lọ bá olùgbà 2A, ẹlírí a sì máa gbọn orí pẹ̀pẹ̀. Nítorí pé ẹran kò lè sọ bí òògùn ṣe ń ṣe é, irú àmì tó ṣeé wọ̀n, tó ṣeé kà báyìí ni olùwádìí ń gbára lé.

Bí wọ́n ṣe ń mú ẹlírí dá gbé

Ẹni tó bá gbọ́ ìdágbé lè máa ro àtìmọ́lé inú òkùnkùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 21 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n máa ń já ọmọ ẹlírí lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó àwọn kan sínú àgò ní mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á sì fi àwọn yòókù sínú àgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ, omi, ìmọ́lẹ̀ àti ìtẹ́lẹ̀ àgò dọ́gba fún gbogbo wọn. Ẹni tó dá wà ṣì ń gbọ́ ohùn àwọn yòókù, ó ń gbóòórùn wọn, nítorí yàrá kan náà ni wọ́n wà. Ohun tí kò ní ni ara ẹlòmíràn: ẹni tí yóò fara tì sùn, tí yóò nu irun rẹ̀, tí yóò tì í, tí òun náà yóò tì padà.

Bí ìdágbé ṣe pẹ́ tó àti ọjọ́ orí tó bá ẹran ṣe pàtàkì gidigidi, mo sì rò pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti ń da ohun tó yàtọ̀ pọ̀. Ní 2016, Gillian Matthews àti Kay Tye ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT fi hàn pé wákàtí 24 péré ti tó láti yí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan padà ní àdúgbò raphe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kì í ṣe ti sẹrotóníìnì, èròjà mìíràn tó ń jẹ́ dopamine ni wọ́n ń tú jáde, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa ti ẹran náà lọ wá ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí dà bí ebi: ó ń jẹ́ kí ẹran wá ohun tó ṣaláìní. Ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Moriel Zelikowsky àti David Anderson ní Caltech jábọ̀ ní 2018 pé ẹlírí tó dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì máa ń jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó lọ, nítorí èròjà kan tí apilẹ̀ àbùdá Tac2 ń ṣe ti pọ̀ káàkiri ọpọlọ rẹ̀. Wákàtí 24 kò fa ìyẹn. Bí ìdágbé bá sì bẹ̀rẹ̀ kété tí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó lè fi àpá sílẹ̀. Manabu Makinodan àti Gabriel Corfas tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012 pé ọ̀sẹ̀ méjì ìdágbé ní àkókò yẹn ń ba ọ̀rá tó ń bo iṣan ìmọ̀lára ní iwájú ọpọlọ jẹ́, àti pé dídá ẹran náà padà sáàárín ẹgbẹ́ kò tún un ṣe.

Ìdí tí ìdánwò yìí fi ń fẹ́ àwùjọ mẹ́rin

Ká ní ẹnìkan fún àwọn ẹlírí tó dá gbé ní fluoxetine, tó sì rí i pé wọn kò jà mọ́. Kí ló mọ̀? Kò tíì mọ púpọ̀. Kò mọ̀ bóyá òògùn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tó ń bá ẹgbẹ́ gbé. Kò sì mọ̀ bóyá gígún abẹ́rẹ́ nìkan ló pa ẹran náà lẹ́nu mọ́. Láti dáhùn ìbéèrè bóyá ìdágbé ń yí iṣẹ́ òògùn padà, ó gbọ́dọ̀ ní àwùjọ mẹ́rin: àwọn tó ń gbé pọ̀ tí wọ́n gba òògùn, àwọn tó ń gbé pọ̀ tí wọ́n gba omi iyọ̀ lásán, àti irú méjèèjì yìí nínú àwọn tó dá gbé. Lẹ́yìn èyí, kì í ṣe pé kó wo àwùjọ tó yàtọ̀ sí èkejì nìkan. Kó wo bí òògùn ṣe sún àwọn tó ń gbé pọ̀ sí, kó wo bó ṣe sún àwọn tó dá gbé sí, kó wá fi ìsún méjèèjì wéra. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìgbà náà ló tó lè sọ pé ìgbé ayé ẹran ti wọ inú iṣẹ́ òògùn.

Àwọn ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò ti ibì kan ṣoṣo wá. Ní Milan, ní ilé ìwádìí Mario Negri, Luigi Valzelli àti Silvio Garattini lo àwọn ọdún 1960 lórí akọ ẹlírí tó di oníjà nítorí ìdágbé. Wọ́n rí i pé iye sẹrotóníìnì inú ọpọlọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ọpọlọ ṣe ń ṣe é tó sì ń lò ó ti falẹ̀. Ẹni tó bá kàn wọn iye rẹ̀ ì bá ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 2016, Derya Sargin àti Evelyn Lambe ní Toronto wo àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fúnra wọn. Lẹ́yìn ìdágbé ọlọ́jọ́ pípẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì sẹrotóníìnì kò ránṣẹ́ dáadáa mọ́, nítorí àwọn ihò kan tí potassium ń gbà jáde lára wọn, tí wọ́n ń pè ní SK, ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n dí ihò SK, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ìpayà àwọn ẹran náà sì dín kù. Ẹ jẹ́ ká rántí básíà: ẹ̀rọ omi ni ìdágbé yí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Dídí agbápadà lára irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú dídí i lára èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dà wàrà.

Iṣẹ́ Graziano Pinna, Alessandro Guidotti àti Erminio Costa ní Chicago ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù lójú mi. Wọ́n fi hàn pé ìdágbé ọlọ́sẹ̀ mélòó kan ń dín allopregnanolone kù nínú ọpọlọ akọ ẹlírí, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ ń ṣe láti fi pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Fluoxetine dá èròjà yìí padà, ìjà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2006, ìwọ̀n òògùn tó ṣe iṣẹ́ yìí kéré ju èyí tó lè dí agbápadà sẹrotóníìnì lọ. Òògùn tí gbogbo ayé ń pè ní ti sẹrotóníìnì ń gba ọ̀nà mìíràn ṣiṣẹ́, ìdágbé gan-an ló sì ṣẹ̀dá àìtó tí òògùn náà ń dí. Ẹni tó bá fi ẹlírí tó dá gbé nìkan ṣe ìdánwò lè fi gbogbo ọkàn kọ̀wé pé sẹrotóníìnì ló pa ìjà, kó sì ṣìnà.

Igor Branchi àti Silvia Alboni ní Ítálì gba ọ̀nà kan tó yàtọ̀ ní 2017. Wọn kò mú ẹran dá gbé. Wọ́n fún àwọn ẹlírí ní fluoxetine, wọ́n wá fi àwọn kan sí ibi tó dára, tó kún fún ohun ìṣeré, wọ́n sì fi àwọn kan sí ibi tó ń ni wọ́n lára. Ibi tó dára, òògùn náà mú ara wọn yá; ibi ìnira, ó mú ipò wọn burú sí i. Èyí jẹ́ kí n rò pé ìdágbé jẹ́ ẹ̀ka kan lára òfin tó gbòòrò ju ara rẹ̀ lọ: fluoxetine ń sọ ọpọlọ di ohun tó rọrùn láti yí, ibi tí ẹran ń gbé ló sì ń pinnu apá tí yóò yí sí.

Àwọn àtakò tó yẹ ká dáhùn

Ẹnìkan lè sọ pé òtútù ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe àìní ẹgbẹ́. Àtakò gidi ni. Ẹlírí fẹ́ràn nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí kì í kọjá 20 sí 24. Àwọn tó ń gbé pọ̀ ń fara tira wọn kí ara wọn lè móoru. Ẹni tó dá wà kò rí ẹni fara tì, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ púpọ̀ sí i kó lè gbóná. Bí òògùn tí à ń dán wò bá jẹ́ irú 8-OH-DPAT tó ń mú ara tutù, èsì rẹ̀ lè dàrú pátápátá. Mo gbà pé ó yẹ kí gbogbo ìdánwò ìdágbé fún ẹran ní ohun tí yóò fi ṣe ìtẹ́ tó nípọn, tàbí kí yàrá móoru. Àmọ́ òtútù nìkan kò lè ṣàlàyé ìdí tí ẹlírí fi ń wá ẹgbẹ́ lójú méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ kan ṣoṣo, tàbí ìdí tí dídí èròjà Tac2 fi ń dẹ́kun ìjà.

Àtakò kejì sọ pé bí òògùn bá dín ìjà kù lára ẹlírí tó dá gbé, tí kò sì ṣe nǹkan kan lára èyí tó ń gbé pọ̀, ohun tó fà á ni pé kò sí ìjà lára èkejì tí òògùn ì bá dín kù. Òtítọ́ ni, ó sì ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ohun tó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìdánwò tí àwùjọ méjèèjì ti ní àyè láti yí padà. Pentobarbital jẹ́ òògùn oorun: gbogbo ẹlírí tó bá gbà á ní ìwọ̀n tó tó ló ń sùn. Síbẹ̀, èyí tó dá gbé máa ń tètè jí ju èyí tó ń gbé pọ̀ lọ. Òògùn yẹn kì í ṣe ti sẹrotóníìnì, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀tàn òṣùwọ̀n.

Àwọn kan a tún sọ pé akọ ẹlírí tó bá wà papọ̀ ń ṣe ara wọn léṣe, nítorí náà ìdágbé ló sàn fún wọn. Ìjà a máa wà lóòótọ́, pàápàá láàárín àwọn tí wọn kò jọ dàgbà. Ìyẹn kò sọ ìdágbé di ipò àdámọ́ wọn. Ohun tó fi hàn ni pé àgbépọ̀ náà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, àti pé ẹni tó jẹ ọ̀gá nínú àgò àti ẹni tí wọ́n ń lé kiri kò ní ọpọlọ kan náà láti fi gba òògùn.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ẹlírí kì í ṣe ènìyàn. Kì í ṣe ènìyàn lóòótọ́. Ènìyàn lè dá gbé kó má sì nímọ̀lára àìlẹ́nìkan, ó sì lè wà láàárín èrò kí àìlẹ́nìkan máa jẹ ẹ́ run. Àgò kò lè sọ ìyẹn fún wa. Kò sí ẹni tó yẹ kó ka àwọn ìwádìí yìí tán kó dẹ́kun òògùn tí dókítà kọ fún un, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹlírí lè fún wa ni ìbéèrè tó mú, tí a lè wá gbé wá sọ́dọ̀ ènìyàn. Ìbéèrè náà kò sì ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú ìgbàlódé ní ilé ìwòsàn lójú mọmọ, wọ́n sì ń gbé nínú àwọn abúlé tó wà nítòsí pẹ̀lú ará ilé tiwọn tó bá wọn wá. Lambo kò fi ẹlírí dán nǹkan kan wò. Ohun tó ṣe ni pé kò ya òògùn kúrò lára àwùjọ tí aláìsàn ń gbé.

Ibi tí ẹ̀rí yìí ti tín-ín-rín jù ni ọ̀rọ̀ abo ẹlírí. Nítorí pé akọ ni ìdágbé ń sọ di oníjà, akọ ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìdánwò àtijọ́, a sì ń sọ èsì wọn bí ẹni pé gbogbo ẹlírí ló kàn. Láti 2016 ni àjọ NIH ti Amẹ́ríkà ti ń béèrè pé kí ẹni tó bá fẹ́ owó ìwádìí ṣàlàyé bí yóò ṣe wo akọ àti abo. Ìlànà ARRIVE, tó jáde ní 2010 tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2020, sì ní kí gbogbo ìròyìn ìwádìí lórí ẹran sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹran náà. Iye ẹran tó wà nínú àgò, ọjọ́ orí tí ìdágbé bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, bí yàrá ṣe móoru tó, akọ tàbí abo: gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mélòó kan lọ nínú ìwé. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì tún ìdánwò náà ṣe tí èsì tirẹ̀ yàtọ̀, kò ní mọ̀ bóyá òògùn ni kò ṣiṣẹ́ tàbí àgò ni kò bára mu.